Fìlà La Fi Dá Wọn Mọ̀

Tí ẹ bá rí òdòdó igi yukalípítọ́ọ̀sì kó tó tanná, fìlà ló máa ń dé. A ò fi ṣeré o. Ìrudi rẹ̀ dà bí ife kékeré tí wọ́n fi ọmọrí dé. Ọjọ́ tó bá fẹ́ là, ọmọrí yẹn á yẹ̀, á já bọ́ sílẹ̀, nǹkan funfun tín-ín-rín tín-ín-rín á wá tú jáde bí irùngbọ̀n àgbàlagbà. Fìlà yìí gan-an ló fún igi náà lórúkọ. Ní 1777, ọkọ̀ James Cook dúró ní erékùṣù Bruny, lẹ́bàá Tasmania, David Nelson tó ń bá àwọn ará England ṣa ewéko jọ sì já ẹ̀ka kan níbẹ̀. Ẹ̀ka náà wà ní London títí Charles L'Héritier, ọmọ Faransé, fi sọ ọ́ lórúkọ ní 1788. Ó mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀: eu, dáadáa, kalyptos, ohun tí wọ́n bò. Eucalyptus. Ohun tí wọ́n bò dáadáa.

Lónìí, irú igi yìí lé ní 700, ọmọ bíbí Australia sì lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni globulus; òun ni wọ́n sábà máa ń fún fún òróró tó máa ń ta sánsán nínú Robb àti àwọn ìpara bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi ń ra wá láyà tí òtútù bá mú wa. Àmọ́ globulus kọ́ la bá wá lónìí. Àwọn méjì kan wà tó jọra débi pé àwọn onímọ̀ gan-an ti ṣì wọ́n mú láìmọye ìgbà. Ìkínní ń jẹ́ Eucalyptus camaldulensis, èkejì ń jẹ́ Eucalyptus tereticornis. Ó gùn lẹ́nu, àbí? Ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ìnagijẹ tiwa kí èdè má baà há wa lọ́fun. Camaldulensis á máa jẹ́ Ará-Odò, torí etí odò ló ń gbé. Tereticornis á máa jẹ́ Oníwo, torí ohun tí orúkọ rẹ̀ dúró fún lédè Látìn nìyẹn: ìwo tó ṣe roboto.

Ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ ewéko kó wọn sínú ẹbí kan náà tó ń jẹ́ Exsertaria. Èèpo ara àwọn méjèèjì máa ń bó, á wá ṣẹ́ku funfun níbí, àwọ̀ eérú lọ́hùn-ún, bí ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí. Tí ẹ bá la igi wọn, inú rẹ̀ pupa. Ewé wọn gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì so rọ̀. Wọ́n lè ga ju mítà 40 lọ, àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ tó ń wòkè kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé èyí rèé, ìyẹn rèé.

Ibo wá ni ìyàtọ̀ wà? Orí ni ká wò. Ará-Odò máa ń dé fìlà kékeré tó ní ṣóńṣó lókè bí àgógó ẹyẹ. Fìlà Oníwo gùn, ó ga ju ife tó jókòó lé lọ dáadáa, ó sì ṣe gbọọrọ bí ìwo ẹtu. Ẹ̀rí kejì wà nínú èso. Irúgbìn Ará-Odò pọ́n bí ìyeyè, aṣọ méjì ló wọ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Ti Oníwo dúdú, aṣọ kan ṣoṣo ló wọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ irúgbìn yìí sọ́kàn, a máa padà sídìí rẹ̀.

Ìwà wọn náà ò dọ́gba. Ará-Odò wà káàkiri ilẹ̀ ńlá Australia, títí dé àárín aṣálẹ̀. Kódà kí odò ti gbẹ tó fi jẹ́ pé yanrìn nìkan ló kù, gbòǹgbò rẹ̀ á wá omi tó fara pamọ́ nísàlẹ̀ lọ. Ohun tó máa ń retí ni ìkún omi. Odò á kún, á bo igbó, á tún fà padà. Orí ẹrọ̀fọ̀ tútù tó bá fi sílẹ̀ ni ọmọ igi tuntun ti máa ń hù bí koríko. Tí omi ò bá kún fún ọdún púpọ̀, àwọn àgbà igi lè máa mí lọ, àmọ́ ọmọ ò ní sí lẹ́yìn wọn. Oníwo ò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà oòrùn ni tiẹ̀, láti Victoria gba New South Wales dé Queensland, ó tiẹ̀ tún wà lódìkejì omi ní Papua New Guinea. Ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹsẹ̀ òkè tí òjò ti ń rọ̀ déédéé ló fẹ́. Ó lè sún mọ́ odò, àmọ́ kì í ṣe dandan. Kòálà, ẹranko tí ẹ máa ń rí nínú fídíò tó ń fi gbogbo ọjọ́ sùn lórí igi, ń jẹ ewé àwọn méjèèjì. Òun kì í béèrè orúkọ.

Orúkọ yẹn lẹjọ́ wà. Oníwo ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sínú ìwé. John White, olórí oníṣègùn láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ìjọba England kó lọ sí Port Jackson, ibi tó di Sydney, ló fi ewéko ránṣẹ́ sílé; James Edward Smith sì ṣàpèjúwe Oníwo ní 1795. Smith ò fẹsẹ̀ tẹ Australia rí láyé rẹ̀, àmọ́ ó kéré tán, ara igi náà ló wò kó tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ti Ará-Odò ló yani lẹ́nu. Igi tó gba gbogbo etí odò Australia, Naples ní Italy ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Òkè kan wà lẹ́yìn ìlú náà tó ń jẹ́ Camaldoli, níbi tí àwọn mọ́ńkì ní ilé àdúrà sí. Ìjòyè kan tó ní ilẹ̀ níbẹ̀ dá ọgbà ńlá sílẹ̀, ó ń kó igi ilẹ̀ òkèèrè jọ sínú rẹ̀. Friedrich Dehnhardt, ọmọ Jámánì tó mọ iṣẹ́ ọgbà dunjú, rí igi yukalípítọ́ọ̀sì kan nínú ọgbà náà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní 1832: camaldulensis, ará Camaldoli. Ẹ rò ó wò. Ó dà bí kí wọ́n pàdé ọmọ Ìjẹ̀bú kan ní Bahia, kí wọ́n wá tìtorí ẹ̀ máa pe gbogbo Ìjẹ̀bú, àti baba àti ọmọ, ní ará Bahia.

Ìwé Dehnhardt ò tàn kálẹ̀. Ní 1847, ọmọ Jámánì mìíràn, Schlechtendal, gba ẹ̀ka igi yìí kan náà láti gúúsù Australia, ó wo fìlà rẹ̀, ó sì pè é ní rostrata, alágògó ẹyẹ. Orúkọ tó bá a mu rẹ́gí! Gbogbo ayé gbà á, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ rostrata sínú ìwé. Àṣé ará Spain kan, Cavanilles, ti fi orúkọ yẹn pe igi mìíràn ní 1797. Òfin àwọn onímọ̀ ewéko sì le koko: igi méjì ò gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ lò ó ló ni ín. Bí alágògó ẹyẹ ṣe wọlẹ̀ nìyẹn, tí ará Camaldoli sì dìde padà. Lójú tiwa, orúkọ tó dára ló lọ, èyí tí kò mọ ibi tí igi ti wá ló kù.

Tẹ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ná, ta ní sọ fún wọn pé igi náà ò lórúkọ? Àwọn Wiradjuri ń pè é ní yarra. Àwọn Yorta Yorta ń pè é ní biyala, wọ́n sì ń pe odò tó ń bomi rin ín ní Dhungala, èyí tí àwọn òyìnbó sọ di Murray. Ilẹ̀ Yorta Yorta ni igbó Barmah àti Millewa wà, kò sì sí igbó Ará-Odò kankan láyé tó tóbi tó o. Tí àwọn baba ńlá wọn bá fẹ́ ṣe ọkọ̀ ojú omi, wọn kì í gé igi lulẹ̀. Wọ́n á wá èyí tó tẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi àáké òkúta la èèpo rẹ̀ yípo ní gígùn ọkọ̀, wọ́n á wá rọra ṣí i kúrò lódindi. Igi ò ní kú. Ojú ọgbẹ́ á san, àpá á wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn igi alápàá yẹn ṣì dúró dòní, téèyàn lè fi ọwọ́ tọ ojú ibi tí ọkọ̀ ti jáde.

Lẹ́yìn náà ni reluwé dé Echuca, ìlú kan létí odò náà, ní 1864. Igi Ará-Odò le, kì í tètè jẹrà nínú omi, ikán ò sì rí i jẹ bọ̀rọ̀. Òun ni wọ́n fi kan èbúté Echuca, òun ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ ojú irin, wọ́n tiẹ̀ kó o lọ sí India fún ojú irin ti ọ̀hún. Ibi tí wọ́n ti ń la pákó wá pọ̀ létí odò bí ìsọ̀ ọjà. Àwọn tó ni biyala, wọ́n kó wọn sí ibùdó kan tó ń jẹ́ Cummeragunja. Ní oṣù kejì 1939, nǹkan bí 200 lára wọn ní ìyà ibẹ̀ tó gẹ́ẹ́. Wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n sọdá odò sí apá Victoria, ọ̀pọ̀ sì pàgọ́ sí etí odò lágbègbè Barmah.

Odò náà fúnra rẹ̀ kò bọ́. Wọ́n parí ìsédò Hume ní 1936. Omi tó yẹ kó kún wọ igbó ní ìgbà òtútù àti ìrúwé, wọ́n ń sé e mọ́lẹ̀ de àwọn oko tó máa nílò rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ rántí ohun tí a sọ nípa ìkún omi. Nígbà tí ọ̀dá ńlá wá mú láti 1997 sí 2009, àwọn igi tó ti dàgbà ju ìjọba Australia lọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lórí ìdúró.

Ní 1994, àwọn Yorta Yorta gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, pé kí òfin gbà pé àwọn ló ni ilẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1998, Adájọ́ Olney da ẹjọ́ wọn nù. Ohun tó sọ ni pé ìgbì ìtàn ti gbá òfin àti àṣà àtijọ́ wọn lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i ní 2002. Bẹ́ẹ̀ àpá ọkọ̀ wà lára igi ní Barmah lọ́jọ́ tí adájọ́ ń sọ̀rọ̀. Ó di 2010 kí wọ́n tó sọ Barmah di ọgbà ìpamọ́ ti ìjọba, tí wọ́n sì ṣètò kí àwọn Yorta Yorta bá wọn lọ́wọ́ sí bíbójú tó o. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ kóòtù, àmọ́ ó sàn ju òfo.

Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, irúgbìn ti gun ọkọ̀ lọ. Ẹni tó fọ́n ọn ká ayé jù ni Ferdinand von Mueller, ọmọ Jámánì tí ìjọba Victoria fi ṣe onímọ̀ ewéko wọn ní 1853. Ó ń fi irúgbìn ránṣẹ́ sí ẹni tó béèrè, ó sì ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò béèrè. Ibà ló bá a ta ọjà náà. Láyé ìgbà yẹn, ohun tí wọ́n gbà ni pé afẹ́fẹ́ burúkú láti inú irà ló ń fa ibà. Ohun tí mal aria túmọ̀ sí lédè Italy nìyẹn. Igi tó ń rùn bí oògùn wá dà bí ẹni pé Ọlọ́run ló dìídì rán an. Ní àwọn ọdún 1870, àwọn mọ́ńkì Tre Fontane, lẹ́yìn ìlú Róòmù, ń gbìn ín yí ilé wọn ká. Globulus ló ṣáájú ní gbogbo ìrìnàjò yẹn, Ará-Odò ń bọ̀ lẹ́yìn, pàápàá níbi tí oòrùn ti mú jù fún globulus. Ní 1897 ni Ronald Ross tó fi hàn ní India pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ohun tí igi náà lè ṣe kò ju kó fa omi irà gbẹ lọ, kí ẹ̀fọn má rí ibi yé ẹyin sí. Ẹ ṣàkíyèsí iṣẹ́ yẹn dáadáa, fífa omi gbẹ. Ohun tí wọ́n fi yìn ín ní Italy ni wọ́n padà fi bú u níbòmíì.

Ká dúró díẹ̀ ní Ethiopia. Ìlú Addis Ababa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòòrò nígbà ayé Ọba Menelik Kejì, igi ìdáná sì ti ń tán láyìíká rẹ̀. Kí ọ̀rúndún 19 tó parí, wọ́n ti kó yukalípítọ́ọ̀sì wọlé. Àwọn ará ibẹ̀ pè é ní bahir zaf, igi òkun, bí àwa náà ṣe rí èso kan tó ti òkèèrè wá tí a sọ ọ́ di ọ̀pẹ òyìnbó. Ohun tó wù wá nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé wọn ò da gbogbo rẹ̀ pọ̀: globulus di igi òkun funfun, Ará-Odò di igi òkun pupa. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn gé igi ló mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ní India, wọ́n dà á pọ̀. Ní òkè Nandi, lẹ́bàá Bangalore, wọ́n ti ń gbin yukalípítọ́ọ̀sì tipẹ́. Àwọn kan ní ìgbà ayé Tipu Sultan ló ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú irúgbìn kan tí wọ́n ń pè ní Mysore gum. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó wò ó, wọ́n rí i pé ewé rẹ̀ ò dọ́gba láti orí igi kan sí èkejì, wọ́n ní àdàlù ni. Eucalyptus hybrid ni wọ́n kọ sínú ìwé, láìsọ ta ni baba, ta ni ìyá. Nígbà tí wọ́n padà yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, Oníwo ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ó ti gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ ní Karnataka, torí iléeṣẹ́ bébà ń fẹ́ igi, onílẹ̀ ńlá sì rí i pé igi ò nílò lébìrà púpọ̀ bí oko oúnjẹ.

Àwọn tí oko jẹ́ iṣẹ́ wọn ló jẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ragi, ọkà tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, di igbó yukalípítọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ lébìrà dín kù. Wọ́n ní kànga ń lọ sísàlẹ̀. Ní 1983, àwọn agbẹ̀ ní agbègbè Tumkur kó ara wọn jọ, wọ́n wọ́ lọ sí ibi tí ìjọba ti ń tọ́ ọmọ igi, wọ́n fa yukalípítọ́ọ̀sì tu, wọ́n sì gbin àjàgbọn àti máńgòrò sípò rẹ̀. A fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ìtàn yìí tán: wọn ò kàn fà á tu kí wọ́n sì máa lọ sílé, wọ́n gbin nǹkan. Nígbà tó yá, Ian Calder àti àwọn onímọ̀ omi ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wọn ohun tí igi náà ń mu. Níbì kan ní Karnataka, wọ́n rí i pé igi náà ń lo omi ju èyí tí òjò ń rọ̀ sílẹ̀ lọ láàárín àkókò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, torí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ lọ bá omi tí ilẹ̀ ti fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ti ń sọ ọ́ bọ̀. Ní 2017, ìjọba Karnataka fòfin de gbígbin tuntun.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ Oníwo ni? Àwa ò rò bẹ́ẹ̀. Nílé rẹ̀, igi kan á dúró, koríko á wà láàárín, òmíì á tún dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Èèyàn ló tò ó há bí àgbàdo, tó ń gé e, tó ń jẹ́ kó tún rú, tó sì fi í sí ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ò tó nǹkan. Oníwo ò fẹsẹ̀ rìn wọ oko ẹnikẹ́ni.

Ará-Odò ńkọ́? Òun rìn. Ní South Africa, omi gbé irúgbìn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ odò, ó rí ẹrọ̀fọ̀ tútù, ó sì hù bó ṣe ń hù létí Dhungala. Ó wá pọ̀ létí odò débi pé òfin ibẹ̀ kà á mọ́ àwọn igi àjòjì tí wọ́n gbọ́dọ̀ kápá. Ẹ rí i pé ẹjọ́ àwọn méjèèjì yàtọ̀? Ọ̀kan, wọ́n gbìn ín síbi tí kò yẹ. Èkejì, ìwà tí wọ́n bí mọ́ ọn ló bá a dé ilé onílé. Ìdí tá a fi máa ń bínú nìyẹn tá a bá rí ẹni tó ní "eucalyptus dára fún ilẹ̀" tàbí "eucalyptus burú fún ilẹ̀". Èwo nínú 700? Níbo? Igi mélòó nínú éékà kan?

Kòkòrò kan wà tí kì í yà wọ́n sọ́tọ̀ ní tiẹ̀. Agbọ́n kékeré kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ yọjú ní agbègbè Mediterranean àti Israel ní nǹkan bí ọdún 2000. Ní 2004 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, Leptocybe invasa. Inú iṣan ewé tútù ló ń yé ẹyin sí, ewé á wá wú kókó-kókó, ọmọ igi á ràn. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti dé India àti ìlà oòrùn Áfíríkà. Ará-Odò àti Oníwo, méjèèjì ló ń bá jà. Ó mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ó wá kan ọ̀dọ̀ tiwa. Ní àwọn ọdún 1960, àjọ FAO àti àwọn onímọ̀ igbó Australia ṣètò irúgbìn Ará-Odò láti oríṣiríṣi odò, wọ́n pín in fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti dán an wò. Ní Nàìjíríà, ilé ìwádìí igbó ilẹ̀ ọ̀dàn tó wà ní Samaru, lẹ́bàá Zaria, ló bójú tó irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé kọ́ nínú rẹ̀ ni pé orúkọ igi nìkan ò tó, ó yẹ kéèyàn tún mọ odò tí irúgbìn ti wá. Irúgbìn Lake Albacutya ní Victoria, níbi tí òjò ti ń rọ̀ nígbà òtútù, ló dára fún àwọn ará Mediterranean. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, irúgbìn Petford láti àríwá Queensland àti ti Katherine láti Northern Territory ló ta yọ.

Bí Ará-Odò ṣe di ará òkè ọya nìyẹn. Wọ́n gbìn ín tò láti fi dí atẹ́gùn aṣálẹ̀ lọ́nà, wọ́n ń gé e fún òpó ilé àti igi ìdáná. Àwọn Hausa ń pè é ní turare, ọ̀rọ̀ tí wọ́n tún ń lò fún lọ́fínńdà, òun kan náà ló wọ èdè tiwa tó di tùràrí. Nílẹ̀ Yorùbá, tíìkì àti gmelina ni àwọn onígbó ìjọba yàn, torí náà ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ yukalípítọ́ọ̀sì ju inú agolo ìpara lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nípa Petford, òun ló sì dùn mọ́ wa jù. Ní 2009, McDonald, Brooker àti Butcher tún gbogbo ilé Ará-Odò yẹ̀ wò, wọ́n pín in sí ọ̀nà méje. Ọ̀kan nínú méje yẹn ń jẹ́ simulata, aláfarawé. Òun ló ń hù ní Petford. Tí ẹ bá wo ìrudi rẹ̀, ẹ ò ní rí àgógó ẹyẹ kankan níbẹ̀; fìlà gígùn ló dé, gbọọrọ, bí ìwo ẹtu. Ará-Odò tó dé fìlà Oníwo! Abájọ tí àwọn èèyàn fi ń ṣì wọ́n mú. Èyí tó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn irúgbìn tí wọ́n kó wá sí ilẹ̀ olóoru, òun gan-an ni kò ṣeé fi fìlà dá mọ̀.

Irúgbìn ló kù. Tí ẹ bá wà ní Zaria tàbí Kano, tí ẹ rí igi yìí tó ń so, ẹ ká èso rẹ̀ tó ti gbó àmọ́ tí ẹnu rẹ̀ ò tíì là. Ẹ tẹ́ bébà funfun, ẹ sá a sóòrùn, ẹ wá nǹkan dí atẹ́gùn torí irúgbìn yẹn ò ju iyanrìn lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹnu èso á là fúnra rẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú á dà sílẹ̀. Ìyàngbò ló máa pọ̀ jù, ẹ rọra fẹ́ ẹ dànù. Tí ohun tó kù bá dúdú, Oníwo lẹ mú. Tó bá pọ́n bí ìyeyè, tí fìlà òdòdó rẹ̀ sì kúrú tòun ti àgógó, Ará-Odò ni. Tó bá pọ́n bí ìyeyè, àmọ́ tí fìlà rẹ̀ gùn bí ìwo, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọmọ Petford.